Ó Ti Dé Ilé, Kò Tíì Dé Inú Ìkòkò: Nígbà Tí Emacs Orí Fóònù Bá Kọ Package

  

Ohùn méjì ló wọlé sórí WhatsApp wa lọ́sẹ̀ yìí, láti Kòsọ́fẹ́ níbí ni méjèèjì. Ẹni àkọ́kọ́, láti Ìkòsí, ní òun ti fi package kan sínú Emacs, Emacs sì sọ pé ó ti parí, ṣùgbọ́n bí òun bá tún ṣí i, ńṣe ló ń sọ pé òun kò rí i. Ẹnì kejì, láti Alápẹ̀rẹ̀, ní tòun kò tilẹ̀ wọlé rárá. Ìbéèrè kan náà ni àwọn méjèèjì fi parí ọ̀rọ̀ wọn: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n yọ gbogbo ẹ̀ kúrò, kí n tún bẹ̀rẹ̀?"

Ẹ dákun, ẹ má tíì yọ nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń lo Emacs nínú Termux, nítorí pé kò sí láàpútọ́ọ̀pù, fóònù ló wà lọ́wọ́. Bí ẹ bá yọ Termux kúrò, kì í ṣe áàpù nìkan ló ń lọ. Gbogbo fáìlì tí ẹ kọ sínú ilé Termux ló ń bá a lọ: iṣẹ́ tí olùkọ́ fún yín, kóòdù tí ẹ fi oṣù mẹ́ta kọ, gbogbo rẹ̀ pátá. Mo mọ̀ pé lọ́dọ̀ tiwa, "pa á, kí o tún tàn án" ni oògùn àkọ́kọ́ fún gbogbo ẹ̀rọ, láti orí tẹlifíṣọ̀n dé orí fíríìjì. Pípa àti títàn kò burú. Yíyọ kúrò ni mo ní kí ẹ fi sílẹ̀ ná. Kòsọ́fẹ́ la sì wà, dátà tí ẹ máa fi gbé gbogbo rẹ̀ padà kò sí lọ́fẹ̀ẹ́.

Fún ẹni tó jẹ́ àlejò nínú ọ̀rọ̀ yìí: text editor ni Emacs, ìyẹn áàpù tí a fi ń kọ kóòdù àti ọ̀rọ̀ lásán. Ó ti pẹ́ láyé. Ní MIT ní Amẹ́ríkà ni Richard Stallman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ èyí àkọ́kọ́ ní 1976, GNU Emacs tí à ń lò yìí sì jáde ní 1985. Láti Emacs 24, tó jáde ní 2012, ló ti ní ọ̀nà tirẹ̀ láti máa gbé àfikún wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àfikún yẹn ni wọ́n ń pè ní package. Ẹrù ni èmi máa pè é lónìí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé Mile 12. Bí ọbẹ̀ kò bá ní tòmátì, ìbéèrè méjì ló wà nílẹ̀. Ṣé a kò rà á ni, àbí a rà á ṣùgbọ́n ó ṣì wà nínú àpò lẹ́yìn ilẹ̀kùn? Ẹni tó ti rà á tí kò dà á sínú ìkòkò, bó padà sí ọjà lẹ́ẹ̀mẹwàá, ọbẹ̀ rẹ̀ kò ní pọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni Emacs. Gbígbé ẹrù wá sórí fóònù jẹ́ iṣẹ́ kan. Pípe ẹrù náà wọlé nígbà tí Emacs bá ń ṣí jẹ́ iṣẹ́ mìíràn. Àṣìṣe ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ní, oògùn wọn kò sì jọra. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ ka ìlà tí Emacs kọ sí ìsàlẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Bí ẹ bá rí àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọjà ni. Bí ẹ bá rí "Cannot open load file", ọ̀rọ̀ ìkòkò ni: Emacs ń wá fáìlì kan lórí fóònù yín, kò rí i níbi tó ń wò.

Níbi tó ń wò. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ẹni wa ní Ìkòsí wà. Nígbà tí mo bi í dáadáa, Emacs méjì ló wà lórí fóònù rẹ̀. Ọ̀kan wà nínú Termux. Èkejì jẹ́ áàpù fúnra rẹ̀ tó gbé láti F-Droid, nítorí láti ìgbà tí Emacs 30 ti jáde ní 2025 ni Emacs ti ń ṣiṣẹ́ lórí Android láìsí Termux. Inú èyí tó wà ní Termux ló ti gbé markdown-mode wá. Èyí tó ní àwòrán lórí ojú fóònù ló wá ń ṣí. Ilé méjì ni wọ́n, Android kì í sì í jẹ́ kí áàpù kan wo inú yàrá áàpù kejì. Ó dà bí ẹni tó gbé tòmátì sílé ní Kétu, tó wá ń wá a nínú ilé ìdáná ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ọ̀jọ́ta.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ nìyí. Ẹ ṣí Emacs tó ń ṣẹjọ́, ẹ tẹ M-:, ìyẹn ESC, lẹ́yìn náà àmì kólọ̀n (:). Ẹ kọ (expand-file-name package-user-dir), kí ẹ tẹ Enter. Ó máa sọ ilé tó ń kó ẹrù sí fún yín. Bí ẹ bá rí com.termux nínú ọ̀nà náà, Termux nìyẹn. Bó bá jẹ́ org.gnu.emacs, áàpù kejì ni. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ máa lò ó. Ní tèmi, Termux ni mo fara mọ́, nítorí git àti Python wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Ìdí mìíràn wà tí ẹrù fi ń sùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn, àwọn tó ń da fáìlì ìbẹ̀rẹ̀ ẹlòmíràn kọ ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Láti Emacs 27, kí fáìlì ìbẹ̀rẹ̀ yín tó ṣiṣẹ́ ni Emacs ti ń jí gbogbo ẹrù tí ẹ ti gbé wá, ẹ kò nílò láti pè é. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń lo ọ̀nà mìíràn láti kó ẹrù, wọ́n á wá kọ ìlà yìí sínú early-init.el wọn:

(setq package-enable-at-startup nil)

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: má jí ẹnikẹ́ni. Ó tọ́ fún ẹni tó kọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ dà á kọ láti inú fídíò, tí ẹ sì ń fi package-install gbé ẹrù, òun ló ń bá yín jà. Ẹ yọ ìlà náà, kí ẹ tún Emacs ṣí.

Bí ẹ kò bá mọ ibi tí àṣìṣe ti ń bọ̀, ẹ lọ sínú Termux, kí ẹ kọ emacs -Q. Q yẹn ní kí Emacs ṣí láìka fáìlì ìbẹ̀rẹ̀ yín. Bó bá ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́, ara Emacs yá, ohun tí ẹ kọ ni ẹ máa yẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ emacs --debug-init, ó máa fi ibi tó ti kọsẹ̀ hàn yín. Ẹ wo lẹ́tà orúkọ ẹrù náà dáadáa pẹ̀lú, nítorí kíbọ́ọ̀dù fóònù fẹ́ràn láti máa bá wa tún ọ̀rọ̀ ṣe láìbéèrè.

Ó kù ẹni wa ní Alápẹ̀rẹ̀. Ìlà tó fi ránṣẹ́ ní àdírẹ́sì MELPA nínú, "Not found" ló sì parí rẹ̀. Ọjà ni. MELPA ni ọjà àfikún tí àwọn tó ń lo Emacs ń ná jù, kì í sì í tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́: bó bá ti kọ́ tuntun, ó ń kó ti tẹ́lẹ̀ kúrò nílẹ̀. Emacs yín náà ní ìwé kan lọ́wọ́ tó kọ orúkọ ẹrù àti nọ́ńbà ẹ̀dà sí. Bó bá ti pẹ́ tí ẹ gba ìwé náà, nọ́ńbà àtijọ́ ni Emacs máa lọ béèrè, ọjà á sì ní kò sí. Ẹ ò lè mú iye owó tòmátì ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ sí Mile 12 kí wọ́n tà fún yín. Ẹ gba ìwé tuntun: ẹ tẹ ESC lórí ìlà bọ́tìnnì Termux, ẹ tẹ x, kí ẹ kọ package-refresh-contents. Ẹ wá tún ẹrù náà gbé. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ìṣòro rẹ̀ sì tán síbẹ̀.

Bí MELPA kò bá tilẹ̀ sí nínú àwọn ọjà tí Emacs yín mọ̀, ìlà méjì yìí ni, èyí àkọ́kọ́ sì gbọ́dọ̀ ṣáájú:

(require 'package)
(add-to-list 'package-archives '("melpa" . "https://melpa.org/packages/") t)

Nígbà mìíràn, ẹ̀bi kò sí lọ́wọ́ yín rárá. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà mẹ́rin tó ń gba abẹ́ òkun gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà bàjẹ́ nítòsí Côte d'Ivoire: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Báńkì gan-an ń kígbe lọ́jọ́ náà, áńbọ̀sì Emacs. Nítorí náà, bí Emacs bá ní òun kò lè kàn sí server, ẹ fi browser ṣí melpa.org lórí fóònù kan náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú kóòdù yín. Bó bá ń ṣàròyé nípa certificate, ẹ wo déètì fóònù yín. Fóònù tó rò pé ọdún 2015 la wà kò ní gba ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ṣe lọ́dún yìí.

Èyí tí ọwọ́ mi máa le sí díẹ̀ ni ti ìbuwọ́lùwé. Àwọn tó ń lo Emacs àtijọ́ máa ń rí "Failed to verify signature" nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbé nǹkan láti GNU ELPA. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń yẹ ẹrù wò tẹ́lẹ̀ ti kógbá ní 2019. Ohun tí ẹ máa rí níbi gbogbo ni pé kí ẹ fi package-check-signature sí nil. Ẹ lè ṣe é, ṣùgbọ́n fún ìgbà díẹ̀ ni: ẹ fi gbé ẹrù tó ń jẹ́ gnu-elpa-keyring-update, tó ń kó kọ́kọ́rọ́ tuntun wá, kí ẹ sì dá a padà sí allow-unsigned. Ẹni tó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ dà bí ẹni tó ń ra oògùn tí kò wo nọ́ńbà NAFDAC mọ́ títí ayé.

Magit náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ó nílò seq ẹ̀dà 2.24 tàbí èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Seq ti wà nínú Emacs láti ilé, Emacs kì í sì í fẹ́ pààrọ̀ ohun tí a bí mọ́ ọn. Láti Emacs 29, ẹ lè fún un láṣẹ pẹ̀lú (setq package-install-upgrade-built-in t). Bí ẹ bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé Emacs tuntun, tí gbogbo ẹrù àtijọ́ wá ń ṣe wèrè lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ pe package-recompile-all kó tún wọn sè.

Tó bá wá jẹ́ pé Termux fúnra rẹ̀ ni kò gbé nǹkan kan wọlé, tí pkg install emacs ń kùnà, ẹ wo ibi tí ẹ ti gbà á. Èyí tó wà lórí Play Store tẹ́lẹ̀ dẹ́kun gbígba àtúnṣe ní 2020, nítorí òfin tuntun Android nípa ṣíṣí ètò láti inú ilé áàpù. Bintray tó ń kó ẹrù rẹ̀ sí sì ti ilẹ̀kùn ní 2021. Bí tiyín bá jẹ́ èyí àtijọ́, ẹ máa nílò láti yọ ọ́ kúrò lóòótọ́, nítorí èyí tó wà ní F-Droid kò lè gun orí rẹ̀. Ẹ kó ilé yín jáde kí ẹ tó yọ ọ́:

termux-setup-storage
tar -zcf /sdcard/ile.tar.gz -C /data/data/com.termux/files ./home

Ẹ fi áàpù fáìlì wò ó bóyá ile.tar.gz wà níbẹ̀ lóòótọ́, tí kì í ṣe òfìfo. Ẹ wá yọ ti àtijọ́, ẹ gbé tuntun, ẹ tún pe termux-setup-storage, kí ẹ sì kó ẹrù padà:

tar -zxf /sdcard/ile.tar.gz -C /data/data/com.termux/files

Bí ó bá ṣì ń yọ yín lẹ́nu, ẹ tẹ C-h e nínú Emacs, ìyẹn CTRL pẹ̀lú h, lẹ́yìn náà e. Gbogbo ohun tó ti ń sọ máa hàn níbẹ̀. Ẹ da ìlà àṣìṣe náà kọ bó ṣe wà, ẹ fi nọ́ńbà ẹ̀dà Emacs yín sí i, kí ẹ fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp wa. Ẹ má wulẹ̀ ya fọ́tò fóònù tí ojú rẹ̀ ti fọ́ ránṣẹ́ o, mi ò lè kà á.