Gbólóhùn Méjì Létí Òkun Ìlàjẹ

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíka ewì àti ìtàn àròsọ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ àwọn ẹnjiníà. Èmi fúnra mi kọ́ ni mo wá ọ̀rọ̀ náà lọ. Àwọn àgbà kan ní Òde Mahin ni wọ́n gbé ìwé ètò iṣẹ́ kan fún mi, ti èbúté tí wọ́n fẹ́ kọ́ fún wọn. Wọ́n ní, "Ọmọ wa, bá wa kà á. Ìwé ṣáà ni iṣẹ́ rẹ." Mo kà á. A tẹ ìwé náà dáradára, àwòrán inú rẹ̀ dán, ojú ìwé kejì sì fi yé wa pé ilé-iṣẹ́ tí yóò ṣe é ní ìwé ẹ̀rí ISO 9001. Ohun tí n kò rí níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nípa ibi tí omi yóò dé ní ọgbọ̀n ọdún sí àkókò yìí.

Ní ọdún 1987 ni àjọ àgbáyé tí ń fi òṣùwọ̀n lélẹ̀, èyí tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Geneva, kọ́kọ́ gbé ISO 9001 jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìwé ẹ̀rí náà ń jẹ́rìí pé ohun tí ilé-iṣẹ́ ṣe dára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sọ bí a ti ń po sìmẹ́ńtì. Ohun tí ó ń béèrè ni pé: ǹjẹ́ ilé-iṣẹ́ yìí kọ ohun tí ó fẹ́ ṣe sílẹ̀? Ǹjẹ́ ó ṣe é bí ó ti kọ ọ́? Ta ni ó wọn iyanrìn, ọjọ́ wo ni ó wọ̀n ọ́n, níbo ni ó kọ ọ́ sí? Nígbà tí àṣìṣe ṣẹlẹ̀, kí ni wọ́n ṣe kí ó má baà tún ṣẹlẹ̀? Bí Yorùbá bá pe nǹkan ní ojúlówó, ohun tí a ti ṣe tán ni ó ń dá lẹ́jọ́. Ohun tí ìwé yìí ń ṣọ́ ni ìṣesí ẹni tí ń ṣe é.

Ní oṣù kejì ọdún 2024, àjọ náà fi gbólóhùn méjì kún ẹ̀dà ti ọdún 2015. Méjì péré. Èkínní pa á láṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ pinnu bóyá àyípadà ojú-ọjọ́ jẹ́ ọ̀ràn tí ó kàn án. Èkejì, tí wọ́n fi ṣe àkíyèsí lásán, sọ pé àwọn tí ọ̀ràn kàn lè ní ohun tí wọn yóò béèrè nípa àyípadà ojú-ọjọ́. Ẹni tí ó bá mọ ewì í kà kò ní í gbójú fo ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì. "Gbọ́dọ̀" ni a lò fún ilé-iṣẹ́. "Lè" ni a lò fún àwọn tí omi yóò gbé ilé wọn lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ bá mi jiyàn níbí. Wọ́n ní bí ilé-iṣẹ́ bá ti lè gbà pé ọ̀ràn náà kan òun, ìyókù òfin náà yóò mú un, nítorí pé ewu tí ó bá mọ̀, ó di dandan kí ó gbèrò fún un. Mo gbà fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mú gbólóhùn náà lọ sí etíkun, kí a wo ohun tí yóò béèrè níbẹ̀.

Etíkun Mahin kì í ṣe etíkun oníyanrìn bíi ti Èkó. Ẹrẹ̀ ni, fún nǹkan bí kìlómítà 75, kí a tó kan àwọn ẹsẹ̀ odò Ọya. Òkúta tí a bá jù sórí ẹrẹ̀ a máa rì. Bẹ́ẹ̀ ni òkun àgbáyé ti fi nǹkan bí sẹ̀ntímítà 20 ga sí i láàárín ọdún 1901 sí 2018, gíga náà sì ń yára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹnjiníà a máa gbé iṣẹ́ rẹ̀ ka àkọsílẹ̀ bí omi ti ga tó láyé àtijọ́. Bí àkọsílẹ̀ náà bá ti di ti àná, ó ṣeé ṣe kí gbogbo ìdíwọ̀n pé, kí gbogbo ọ̀gá fọwọ́ sí i, kí ohun tí a fi tọkàntọkàn ṣe náà sì rì.

Àpẹẹrẹ tí ó ń dà mí láàmú jù ni ti Èkó. Láti ọdún 1908 ni àwọn òyìnbó ti ń kọ́ ògiri òkúta wọ inú òkun ní ẹnu ọ̀nà èbúté, kí ọkọ̀ ńlá lè wọlé. Iṣẹ́ tó dára ni. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ó ṣì dúró. Ṣùgbọ́n iyanrìn etíkun wa a máa rìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Ògiri náà dá a dúró: iyanrìn kún sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, òkun sì jẹ etíkun Victoria ní ìhà kejì, títí ó fi wọlé ju kìlómítà kan lọ. Kò sí olùyẹ̀wò tí ì bá rí àléébù lára òkúta wọnnì. Àwọn tí wọ́n wà ní ìhà ìlà-oòrùn ni ẹnikẹ́ni kò kà mọ́ àwọn tí ọ̀ràn kàn.

Ti Ayétòrò yàtọ̀ sí èyí. Ọdún 1947 ni àwọn ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ ìlú náà dó sétí òkun Ìlàjẹ. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ pọ̀, wọ́n ń ná owó pọ̀, wọ́n kan ọkọ̀, wọ́n hun aṣọ, wọ́n ní iná mànàmáná ti ara wọn nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá kò tí ì ní in. (Ẹ fetí sí orúkọ náà: ohun tó bá tòrò kì í ru. Òkun kò gbọ́ orúkọ.) Lẹ́yìn ọdún 2000, àjọ NDDC gbé iṣẹ́ ìdènà òkun jáde fún wọn, wọ́n gbà á lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe àkọ́kọ́, wọ́n sì tún gbé e fún òmíràn ní ọdún 2009. Iye tí a dá lé e ju bílíọ̀nù 6 náírà lọ. Títí di ọdún 2024 àwọn ará ìlú ṣì ń ké pé àwọn kò rí ògiri, òkun sì ti kó ilé, ilé-ìwé àti òpópónà lọ. Ọ̀rọ̀ ojúlówó kò tilẹ̀ tí ì débẹ̀. A kì í yẹ ohun tí kò sí wò.

Ní ṣókí, ẹ má gbàgbé pé sìmẹ́ńtì pẹ̀lú ń dá kún ọ̀ràn náà: nǹkan bí ìdá 7 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún èéfín kábọ́nì tí ọmọ ènìyàn ń tú sójú ọ̀run, ibi tí a ti ń ṣe sìmẹ́ńtì ni ó ti ń wá. Nítorí náà, níbi tí igbó ẹ̀gbà bá lè di ẹrẹ̀ mú, n kò rí ìdí tí a fi ní láti gé e kí a tó mọ ògiri.

Mo fi pẹ́ńsùlù kọ ìbéèrè mẹ́ta sí etí ìwé àwọn àgbà Òde Mahin. Ọdún wo ni a wọn gíga omi tí ẹ lò? Báwo ni ẹrẹ̀ ibẹ̀ ti jìn tó kí a tó kan ilẹ̀ líle? Ta ni yóò máa tún èbúté náà ṣe nígbà tí agbaṣẹ́ṣe bá ti lọ? Wọ́n fi ránṣẹ́. Èsì tí ó kọ́kọ́ dé ni ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ISO, lórí bébà dídán. Àwọn àgbà dá a padà, wọ́n ní àwọn ti rí i. Ní oṣù kẹta lẹ́yìn èyí, ọkọ̀ kan gúnlẹ̀ pẹ̀lú irin tí wọ́n fi ń lu ilẹ̀ wò. Ìdáhùn sí ìbéèrè kìíní àti ìkẹta ni a ṣì ń retí.