Ijó Bàtá Gẹ́gẹ́ bí Ọ̀nà Ìpadàbọ̀ sí Àṣà

Bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù ògìdìgbó. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Òwe yìí fi hàn pé lójú Yorùbá, etí ni ijó ti ń bẹ̀rẹ̀. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé ọmọ tí a kọ́ ní ijó bàtá láìkọ́ ọ ní èdè ìlù kò tíì padà sídìí àṣà.

Bàtá, ìlù Ṣàngó àti egúngún, yàtọ̀ sí dùndún tí onílù ń fún ní ọṣán láti yí ohùn padà. Ojú méjì ni ìyáàlù rẹ̀ ní: ọwọ́ ni a fi ń lu ojú òjò, bílálà ni a fi ń lu ṣáṣá. Àwọn kan ń pè é ní akólòlò, nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í tètè yé etí tí kò mọ̀ ọ́n. Bí ó bá ń ki oríkì, oníjó ní láti gbọ́ ọ kí èjìká àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tó lè dá a lóhùn.

Ní Kánádà, òfin tí ìjọba ṣe ní 1895 de ọ̀pọ̀ ayẹyẹ oníjó àwọn Cree. 1951 ni wọ́n tó yọ ọ́ kúrò. Lóde òní, ijó powwow wà lára ohun tó ń dá àwọn ọ̀dọ́ wọn padà sílé. Ní tiwa, òfin kọ́ ló lé bàtá kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́. Ojú tí a fi ń wò ó ni. Nǹkan bí 1961, àwọn àgbà ìjọ lòdì sí ìlù Yorùbá tí Dúró Ládiípọ̀, ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọ Áńgílíkà, lò nínú orin Àjíǹde ní Òṣogbo. Kò torí èyí pa ìlù tì. Ní 1963, ó gbé Ọba Kò So jáde, eré tí oríkì, bàtá àti ijó ti so pọ̀. Ní 1964, eré náà dé Berlin.

Ọmọ Òkè-Àdó kò jìnnà sí Bẹẹrẹ àti Màpó, níbi tí bàtá ti ń tẹ̀lé egúngún lọ́dọọdún. Síbẹ̀, ariwo lásán ni ìlù náà lè jẹ́ létí rẹ̀. Kí olùkọ́ kọ òwe kúkúrú kan sójú pátákó pẹ̀lú àmì ohùn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi dò-rè-mí pè é. Kí onílù tí a pè wá lù ú. Lẹ́yìn náà ni kí ijó tó bẹ̀rẹ̀. Òwe àti oríkì àbísọ ni kí a lò, kí ọkàn òbí onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí lè balẹ̀.

Ní àkótán, bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, àmì ohùn tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń sá fún yóò di ohun tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ jó, ìlù àdúgbò wọn yóò sì di ọ̀rọ̀ tó yé wọn.