Owó ọtí inú ọkọ̀ ìgbafẹ́: ṣé Alhája tí kì í mutí náà gbọ́dọ̀ san?

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n máa ń tà fún èèyàn kó tó wọ ọkọ̀ òkun ìgbafẹ́, kò sí èyí tó dùn létí tó owó ọtí àsansílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní 'drinks package'. Ẹ san iye kan lóòjọ́, kí ẹ wá máa mu bó ṣe wù yín: cocktail, bíà, wáìnì, kọfí olówó ńlá, omi inú ìgò, gbogbo ẹ̀. Ẹ ò tún ní fọwọ́ bọ àpò mọ́. Fún àwa Yorùbá tí a kì í ka ìgò lóde àríyá, ó dà bí ìgbà tí wọ́n gbé òde owáńbẹ̀ lọ sórí omi.

Èmi ò ní kí ẹ má rà á o. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bi ara wọn, ìyẹn "ṣé mo máa ń mutí dáadáa?", kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ta ni ẹ jọ fẹ́ sùn nínú yàrá? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Àǹtí mi tó ń gbé ní Houston ló tì mí wọnú ọ̀rọ̀ yìí. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n jọ ṣe iléèwé girama ní Abẹ́òkúta pé àádọ́ta ọdún lọ́dún kan náà. Wọ́n dá àjọ fún ọdún méjì, wọ́n ra aṣọ ẹbí, wọ́n sì gba yàrá méjì nínú ọkọ̀ tó máa gbéra láti èbúté Galveston ní Texas fún ọjọ́ méje. Wọ́n máa dé Cozumel àti Costa Maya ní Mẹ́síkò, wọ́n máa dé Roatán ní Honduras, kí wọ́n tó padà. Bó ṣe ku oṣù méjì, àǹtí mi fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: "Lọ́yà, jọ̀ọ́, bá mi ka nǹkan yìí. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ yìí, ṣé Alhája náà gbọ́dọ̀ san ni?"

Alhája ni ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ máa wà ní yàrá kan. Kò fẹnu kan ọtí rí láyé ẹ̀.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀ ni o, wọ́n ní Alhája gbọ́dọ̀ san. Kì í sì í ṣe iléeṣẹ́ tí àwọn àǹtí mi fẹ́ bá lọ nìkan ló ní irú òfin yìí. Ní Carnival àti Royal Caribbean, tí àwọn méjèèjì ní ọkọ̀ tó ń gbéra ní Galveston, bí àgbàlagbà kan nínú yàrá bá ra package ọlọ́tí, gbogbo àgbàlagbà tí ọjọ́ orí wọn ti tó mutí nínú yàrá náà gbọ́dọ̀ rà á. Láti Amẹ́ríkà, ọdún 21 ni ọjọ́ orí yẹn. Àlàyé wọn ni pé ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ máa ra ọtí fún èkejì lórí package kan ṣoṣo. Mo gba àlàyé yẹn, torí àwa èèyàn náà mọ bí a ṣe ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tí àlàyé náà ń pa lára ni ẹni tí kò ní mu nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Iye tí wọ́n ń tà á máa ń yí padà láti ọkọ̀ kan sí èkejì, àti láti ọ̀sẹ̀ kan sí òmíràn, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fi $70 lóòjọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Owó tip wà lórí ẹ̀ tí wọn kì í kọ gàdàgbà sí iwájú: ó kéré tán ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà. $70 ti di $82.60 nìyẹn. Fún ọjọ́ méje, $578.20. Fún èèyàn méjì, $1,156.40.

Ó yá, ká ní cocktail kan jẹ́ $13 lórí báà. Pẹ̀lú tip tirẹ̀, ó di $15.34. Bí àǹtí mi nìkan bá ń san tirẹ̀, ó ní láti mu mẹ́fà lójúmọ́ kí package náà tó mówó wọlé fún un. Bó bá jẹ́ pé òun ló máa san ti Alhája náà, mọ́kànlá ni. Mọ́kànlá lójúmọ́, fún ọjọ́ méje! Cocktail mẹ́tàdínlọ́gọ́rin lọ́sẹ̀ kan, fún obìnrin ẹni àádọ́ta ọdún tó jẹ́ pé bó bá mu ife wáìnì méjì níbi ìgbéyàwó, á ti bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀. Carnival tiẹ̀ fi òdiwọ̀n sí i, ọtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́, èyí tó fi hàn pé àwọn fúnra wọn mọ̀ pé "bó ṣe wù yín" ní ibi tó ń parí sí. Ìmọ̀ràn ìjọba Amẹ́ríkà lórí oúnjẹ fún ọdún 2020 sí 2025 sì sọ pé kí obìnrin tó bá máa mutí má mu ju ẹyọ kan lọ lóòjọ́.

A ò tíì ka àwọn ọjọ́ tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ o. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ ní Cozumel láàárọ̀, tí ẹ ń jẹ ẹja yíyan létí òkun, package yẹn ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ máa sanwó ọtí tí ẹ bá mu. Síbẹ̀, owó ọjọ́ yẹn ti lọ. (Àwọn erékùṣù kan wà tó jẹ́ ti iléeṣẹ́ ọkọ̀ fúnra wọn, bíi CocoCay ti Royal Caribbean ní Bahamas, níbi tó ti máa ń ṣiṣẹ́. Roatán àti Cozumel ò sí lára wọn.) Ká ní àǹtí mi mu méjì péré ní ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ó máa ní láti mu mẹ́jọ mẹ́jọ ní ọjọ́ mẹ́rin tó kù kí owó tirẹ̀ nìkan má baà ṣègbé. Bá a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni pé Alhája gbọ́ sí i. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ó ní kí wọ́n má ba ọjọ́ ìbí jẹ́ nítorí tòun, òun á san $578 yẹn, òun á máa mu omi àti kọfí nínú ẹ̀. Àǹtí mi pè mí, ohùn ẹ̀ ti yí padà. Ó ní, "Ṣé kí n gba owó ọtí lọ́wọ́ ẹni tí Ọlọ́run rẹ̀ ní kó má mu ún? Ogójì ọdún la ti ń ṣọ̀rẹ́ bọ̀." Mo ní, "Ẹ má gbà á, ẹ̀gbọ́n mi. Bẹ́ ẹ bá gbà á, ẹ ò ní gbádùn ife kan ṣoṣo nínú ẹ̀."

Ó wá bi mí léèrè bóyá òfin wà tó lè gbèjà àwọn. Ìbéèrè gidi nìyẹn. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ń pè ní ti ọdún 2018, ní ẹsẹ tó kọ̀ fún oníṣòwò láti sọ fún oníbàárà pé kò lè ra ọjà kan àfi tó bá ra òmíràn mọ́ ọn, àyàfi bí oníṣòwò bá lè fi ẹ̀rí hàn pé àsopọ̀ náà ṣe oníbàárà láǹfààní. Ṣùgbọ́n òfin wa ò lè lúwẹ̀ẹ́ dé Galveston. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí ni wọ́n forúkọ wọn sílẹ̀ ní Bahamas tàbí Panama, tíkẹ́ẹ̀tì yín ló sì máa sọ ilé ẹjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ lọ bí ìjà bá dé.

Ẹ má rò pé eré ni gbólóhùn yẹn. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ òfin tó bá ka ẹjọ́ àdéhùn ti Amẹ́ríkà ló máa ń bá Carnival Cruise Lines àti Shute pàdé. Tọkọtaya Shute ń gbé ní ìpínlẹ̀ Washington, wọ́n wọ ọkọ̀ ní Los Angeles lọ sí Mẹ́síkò, ìyàwó sì yọ̀ ṣubú lórí ẹní tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń mú wọn wo ibi ìdáná ọkọ̀. Wọ́n pẹjọ́ nílé. Iléeṣẹ́ ní rárá, ẹ wo tíkẹ́ẹ̀tì yín, Florida la ní kẹ́ ẹ ti pẹjọ́, ní òdìkejì orílẹ̀-èdè náà. Lọ́dún 1991, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà gbè sẹ́yìn iléeṣẹ́. Adájọ́ méje fara mọ́ ọn, méjì kọ̀. Adájọ́ Stevens, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ̀, so ẹ̀dà ọ̀rọ̀ inú tíkẹ́ẹ̀tì náà mọ́ ìdájọ́ tirẹ̀, bó ṣe kéré lójú gan-an, kí aráyé lè rí ohun tí wọ́n ní kí arìnrìn-àjò kà. Mo fẹ́ràn adájọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n kò borí.

Mo ṣàlàyé fún àǹtí mi pé torí $578, kò sẹ́ni tó máa wá agbẹjọ́rò lọ sí Florida. Ìwé àdéhùn ni ibi tí a ti lè ja ìjà yìí, kí a tó tẹ "mo gbà", kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀.

Iléeṣẹ́ wọ̀nyí náà ò sì fi nǹkan yìí ṣeré. Lọ́dún 2023, owó tó wọlé fún Royal Caribbean lé ní bílíọ̀nù 13 dọ́là, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá rẹ̀ ló sì jẹ́ owó tí àwọn èrò ná yàtọ̀ sí owó tíkẹ́ẹ̀tì: ọtí, tẹ́tẹ́, Wi-Fi, ìrìn àjò orí ilẹ̀ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì tó pọ́ọ́kú tí wọ́n fi ń pè yín wọlé, àwọn nǹkan yìí ló ń bá wọn gbé e.

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo rí, mo sì sọ ọ́ fún wọn. Àkọ́kọ́ ni kí wọ́n pín yàrá bí ẹnu bá ṣe rí: àwọn méjì tó ń mutí nínú yàrá kan, àwọn méjì tí kì í mu nínú èkejì. Bí ẹ bá jẹ́ ẹgbẹ́ tó ń lọ, kí ẹ tó san owó tán ni kí ẹ ti ṣe èyí, ó sì lè gba yín ní ẹgbẹ̀rún dọ́là. Àǹtí mi ní òun ò ṣe. Ó ní ẹni tó máa bá òun gbé yàrá ní ọ̀sẹ̀ àádọ́ta ọdún òun, Alhája ni.

Ìkejì ni kí wọ́n pe iléeṣẹ́ lórí fóònù. Ìgbà míràn wà tí wọ́n máa ń gbà kí ẹni tí kì í mutí nítorí oyún, àìsàn tàbí ẹ̀sìn ra package ẹlẹ́rìndòdò tó dínwó gan-an dípò ti ọlọ́tí. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ò ní gbà yín láàyè, èèyàn ló lè ṣe é. Wọ́n pe tiwọn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni àkọ́kọ́ ní kò ṣeé ṣe, ẹnì kejì ní òun á béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá, a ò tún gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ìkẹta ni kí wọ́n má rà á rárá, kí wọ́n máa san owó ife kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọ́n ṣe nìyẹn. Omi, tíì, kọfí lásán àti omi ọsàn àárọ̀ wà nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ló tún gbà kí àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan gbé ìgò wáìnì kan wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Carnival tún gba agolo ẹlẹ́rìndòdò méjìlá fún ẹnì kan. Àǹtí mi gbé wáìnì kan, Alhája gbé ẹlẹ́rìndòdò tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní Galveston, bíìlì ọtí àǹtí mi fún ọjọ́ méje jẹ́ $231.

Ta ni mo wá lè gbà níyànjú pé kó rà á? Tọkọtaya tí àwọn méjèèjì ń mu, tí wọ́n fẹ́ràn kọfí olówó ńlá láàárọ̀, tí ọkọ̀ wọn ò sì ní gúnlẹ̀ púpọ̀, bí àwọn tó ń la òkun Àtìláńtíìkì kọjá láti Southampton lọ sí New York. Ọjọ́ mẹ́fà méje lórí omi láìrí ilẹ̀! Ẹ rà á, ẹ má jẹ́ kí n dá yín dúró. Àwọn tó fẹ́ mọ iye tí wọ́n máa ná kí wọ́n tó kúrò nílé náà wà, tí bíìlì ìparí máa ń ba ọkàn wọn jẹ́. Mi ò bá irú wọn jà. Ìfọ̀kànbalẹ̀ náà lówó lórí.

Ní ti Wi-Fi, èèyàn kan nínú ẹgbẹ́ ti tó, kó máa bá wọn kí àwọn ọmọ nílé. Ṣùgbọ́n gbogbo fóònù tó kù ni kí ẹ gbé sí airplane mode kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì orí òkun máa ń já owó bí ìjàǹbá. Owó tip ojoojúmọ́ fún àwọn tó ń tọ́jú yàrá tún wà lọ́tọ̀, ó máa ń lé ní $15 fún ẹnì kan, kò sì bá ti ọtí tan.

Bí ẹ bá ti pinnu pé ẹ máa ra package, ẹ má dúró dé inú ọkọ̀. Ó sábà máa ń wọ́n jù níbẹ̀. Ẹ rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú, kí ẹ sì máa yẹ iye rẹ̀ wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, torí ní Royal Caribbean, bí ó bá já wálẹ̀ kí ẹ tó lọ, ẹ lè fagi lé ti àkọ́kọ́, kí ẹ gba owó yín padà, kí ẹ sì tún un rà ní iye tuntun. Bí ọjọ́ ìrìn àjò bá ti wọlé dé tán, ilẹ̀kùn yẹn máa tì, nítorí náà ẹ kọ ọjọ́ tó máa tì sórí fóònù yín.