Ẹ Má Jẹ́ Kí Owó Ẹgbẹ́ Àdúgbò Gba Ilé Lọ́wọ́ Yín

Bí a ṣe ń ra ilé ní Texas, púpọ̀ nínú wa ti mọ̀ ọ́n. Bí a kò ṣe ní í pàdánù èyí tí a ti rà ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi ni n ó fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2022, mo lọ sí ilé lọ sin bàbá mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fẹ́ lò, ó di oṣù mẹ́rin. Ọmọ mi ń kó lẹ́tà tó ń wọlé sínú apẹ̀rẹ̀ kan ní kíṣìnnì. Nígbà tí mo dé, mo bá lẹ́tà lọ́yà níbẹ̀. Owó ẹgbẹ́ àdúgbò wa, $520 fún ọdún kan, ni n kò san. Pẹ̀lú èlé, owó ìwé àti owó lọ́yà, ó ti lé ní $1,900. Mo ti rò pé báńkì tó yá mi lówó ilé ló ń bá mi san án, bó ṣe ń bá mi san owó orí ilé àti ìnsọ́ránsì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́ ní ìpàdé wa, àwọn mìíràn jẹ́wọ́ pé ohun tí àwọn náà rò nìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi kọ èyí.

KÍ NI HOA JẸ́ GAN-AN?

Ní ilé, gbogbo wa la mọ ẹgbẹ́ lándìlọ́ọ̀dù. Wọ́n ń dá owó géètì, owó ọdẹ àti owó tiransifọ́mà. Ẹni tí kò bá san, wọn a bú u ní ìpàdé, ọdẹ lè má tètè ṣí géètì fún un lóru. Kò sí ẹni tí yóò ta ilé rẹ̀. Ojú yìí ni ọ̀pọ̀ wa fi ń wo HOA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò níbí. Ìṣe wọn jọra lóòótọ́, ṣùgbọ́n agbára wọn kò dọ́gba.

Houston ni ìlú tó tóbi jù lọ ní Amẹ́ríkà tí kò ní òfin zoning, irú òfin tí ìjọba ìlú fi ń ya ibi ilé gbígbé sọ́tọ̀ kúrò ní ibi òwò. Nítorí náà, ìwé àdéhùn àdúgbò ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn. Ilẹ̀ ni àdéhùn náà so mọ́. Ẹni tó bá ti ra ilé ti wọ inú rẹ̀, ìbáà kà á, ìbáà má kà á. Ó lè sọ irú ọ̀dà tí a ó fi kun ilé, bí koríko ṣe gbọdọ̀ rí, àti owó tí a ó máa san lọ́dọọdún. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, ó tún fún ẹgbẹ́ lágbára láti ta ilé ẹni tó bá jẹ gbèsè owó náà.

BÍ ÒFIN ṢE DÉ

Ní ọdún 2001, ní àríwá Houston, wọ́n ta ilé opó kan tó ti lé ní ẹni 80 ọdún ní gbàǹjo ní $5,000. Ilé tó tó $150,000 ni. Gbèsè owó ẹgbẹ́ tó jẹ kò tó $1,000. Ìròyìn náà gba ìlú kan. Ní ọdún kan náà, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Texas ní Austin ṣe òfin tó ń dáàbò bo àwọn onílé. Òun ni Chapter 209 nínú Property Code, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù January 2002. Wọ́n ti tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà. Ẹni tó ní condo, ẹ jọ̀wọ́, òfin tiyín yàtọ̀.

OHUN TÍ ÒFIN FÚN WA

1. Kí wọ́n tó bu owó ìtanràn lé wa, wọ́n gbọdọ̀ fi lẹ́tà certified ránṣẹ́ sí wa. Bí ohun náà bá ṣeé tún ṣe, wọ́n gbọdọ̀ fún wa láyè láti tún un ṣe. A tún ní ọjọ́ 30 láti ní kí ìgbìmọ̀ wọn gbọ́ tẹnu wa.

2. Ẹgbẹ́ tí ilẹ̀ inú rẹ̀ bá ju 14 lọ gbọdọ̀ ní ètò tí a lè fi san gbèsè díẹ̀díẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dín ní oṣù mẹ́ta. Òun ló yọ mí. Oṣù 12 ni mo fi san tèmi tán. Ṣùgbọ́n èmi ni mo béèrè o. Kò sí ẹni tó pè mí wá gbà á.

3. Owó ìtanràn nìkan, àti owó lọ́yà tó bá a rìn, kò tó ohun tí wọ́n lè tìtorí rẹ̀ ta ilé. Owó ẹgbẹ́ tí a kò san ni ewu wà.

4. Láti oṣù September 2023, wọ́n gbọdọ̀ kìlọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó kọ gbèsè náà mọ́ ilé wa lára ní ọ́fíìsì county. Ọjọ́ 30, ó kéré tán, gbọdọ̀ wà láàárín ìkìlọ̀ méjèèjì, ọjọ́ 90 sì gbọdọ̀ pé lẹ́yìn èkejì.

5. Láti ọdún 2012, wọ́n gbọdọ̀ gba àṣẹ ilé ẹjọ́ kí wọ́n tó ta ilé, àfi bí onílé bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé pé òun yọ̀ǹda. Nítorí náà, ẹ má fọwọ́ sí ìwé tí ẹ kò kà.

6. Bí wọ́n bá ti tà á pàápàá, a ní ọjọ́ 180, láti ọjọ́ tí ẹgbẹ́ bá fi lẹ́tà sọ fún wa, láti san gbèsè àti ìnáwó tó bá a rìn, kí a sì gba ilé wa padà.

7. Bí a bá fẹ́ ta ilé, ìwé ẹ̀rí tí ẹgbẹ́ ń fún ẹni tó ń rà á kò gbọdọ̀ ju $375 lọ láti ọdún 2021.

8. Láti oṣù September 2025, bí ìjọba bá dín omi tí a lè fi wọ́n koríko kù, ẹgbẹ́ kò lè bu owó ìtanràn lé wa nítorí pé koríko gbẹ.

Ẹ ó rí i pé lẹ́tà ló gbé púpọ̀ nínú ẹ̀tọ́ wọ̀nyí dé. Ọjọ́ sì ń kà, bí a bá ṣí lẹ́tà, bí a kò ṣí i.

ÌPÀDÉ TÍ A KÌ Í LỌ

Lẹ́yìn ọ̀ràn mi, mo lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ àdúgbò wa fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń gbé ibẹ̀. Èèyàn mẹ́sàn-án la jẹ́ níbẹ̀. Àwọn mẹ́sàn-án yìí ló ń pinnu iye tí gbogbo ilé yóò san. Òfin sọ pé onílé lè wọ ìpàdé ìgbìmọ̀, ó lè béèrè ìwé ìnáwó wọn, ó sì lè dìbò. Ẹni tó jẹ gbèsè gan-an kò pàdánù ìbò rẹ̀. A ó dáwó fún ìlú wa láti òkèèrè, a ó bá wọn yan alága ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n àdúgbò tí a ń sùn sí, a kò mọ ẹni tó ń darí rẹ̀. Àlejò lójú, kò fi ríran.

KÍ NI KÍ A ṢE?

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ pe báńkì yín, kí ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń san owó HOA tàbí wọn kì í san. Ẹ wá ìwé àdéhùn àdúgbò yín, kí ẹ kà á. Bí ẹ bá ń lọ sí ilé, ẹ sọ ẹni tí yóò máa ṣí lẹ́tà yín, kó má kàn máa kó o jọ. Bí gbèsè bá ti wà, ẹ kọ̀wé béèrè ètò díẹ̀díẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ lọ́yà. Èmi kì í ṣe lọ́yà. Bí ọ̀rọ̀ bá ti le, ẹ wá ẹni tó mọ òfin Texas.

Òógùn ojú wa la fi ra ilé wọ̀nyí. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí lẹ́tà tí a kò ṣí gbà á lọ́wọ́ wa. Ó dìgbà kan ná.