Ìpanu Ìlú Iloilo àti Ṣúgà Inú Rẹ̀

Nígbà tí aago mẹ́ta ọ̀sán bá lù ní ìlú Iloilo, àwọn ènìyàn a dáwọ́ iṣẹ́ dúró díẹ̀, wọn a sì wá nǹkan panu. Oúnjẹ ọ̀sán ti dà nínú, ti alẹ́ kò sì tíì délẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu kò ní dilẹ̀. Merienda ni wọ́n ń pe ìpanu àárín oúnjẹ méjì yìí. Ẹnu àwọn ará Sípéènì, tí wọ́n jọba lé wọn lórí fún ohun tí ó lé ní 300 ọdún, ni wọ́n ti kọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ mú àwòrán ilẹ̀ ayé yín, ẹ wo ìhà gúúsù-ìlà-oòrùn Éṣíà. Erékùṣù tí ó ju 7,000 lọ ni ó para pọ̀ di orílẹ̀-èdè Filipínì. Manila, olú-ìlú wọn, wà ní ìhà àríwá. Ní àárín gbùngbùn ni ẹ ó ti rí erékùṣù Panay, etí òkun Panay sì ni Iloilo wà. Ẹni tí ó bá dúró létí omi níbẹ̀ yóò kọ́kọ́ rí Guimaras, erékùṣù kékeré tí máńgòrò rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ fi kàn káàkiri. Lẹ́yìn Guimaras ni Negros, erékùṣù ńlá. Ẹ fi orúkọ Negros sọ́kàn o, nítorí a ó padà síbẹ̀. Ní ọdún 2023, àjọ UNESCO kọ orúkọ Iloilo mọ́ ti àwọn ìlú tí oúnjẹ wọn lókìkí ní àgbáyé, òun sì ni ìlú àkọ́kọ́ ní Filipínì tí a ṣe bẹ́ẹ̀ fún.

Ìrẹsì ni ìpìlẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìpanu wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìrẹsì tí a ń fi ọbẹ̀ jẹ. Irú kan ni tí ó jẹ́ pé bí ó bá ti jinná, yóò lẹ̀ mọ́ra bí àtè. Wọn a rin àgbọn, wọn a fún omi rẹ̀ tí ó funfun bí wàrà sí ìrẹsì yìí, wọn a fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, wọn a wá dì í sínú màrìwò tí wọ́n ká gọngọ bí ìka ńlá, wọn a sì sè é títí yóò fi jinná dénú. Ibos ni orúkọ rẹ̀. Bí a bá tú u, òórùn màrìwò náà á wà lára rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òórùn ewé eéran ti máa ń wà lára ẹ̀kọ. Ṣúgà ni wọ́n ń fi tọ́ ọ, tàbí kí wọ́n fi máńgòrò pípọ́n jẹ ẹ́.

Ìrẹsì kan náà ni wọ́n ń lọ kúnná tí wọ́n fi ń ṣe muasi. Wọn a pò ó mọ́ omi, wọn a bù ú díẹ̀díẹ̀, wọn a tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, wọn a sì sọ ọ́ sínú omi híhó. Á rì lọ sísàlẹ̀ ìkòkò. Ẹni tí ń sè é kò nílò aago, nítorí bí ó bá ti jinná, ara rẹ̀ á wú, omi á sì gbé e léfòó. Ẹ̀dá ìpanu yìí ni wọ́n ń pè ní palitaw lọ́dọ̀ àwọn ará Manila, láti inú ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí kí nǹkan yọjú sókè omi. Èmi fẹ́ràn orúkọ yìí ju gbogbo èyí tí ó kù lọ, nítorí pé ó kọ́ni ní bí a ti ń sè é. Nígbà tí wọ́n bá kó o jáde, wọn a yí i nínú àgbọn rínrin, ṣúgà, àti yànmọ̀tí yíyan. Linupak ní tirẹ̀, inú odó ni wọ́n ti ń gún un: ẹ̀gẹ́ tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísè, pẹ̀lú àgbọn àti ṣúgà.

Ẹ wá gbọ́ ti butong-butong. Ní èdè Hiligaynon tí wọ́n ń sọ ní Iloilo, butong ni pé kí a fa nǹkan. Ṣúgà pupa, èyí tí a kò tíì sọ di funfun, ni wọ́n ń sè títí yóò fi ki. Nígbà tí ó bá tutù díẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó ṣì gbóná tó láti jó ọwọ́, wọn a fi kọ́ ìṣó lára igi, wọn a fà á gùn, wọn a ṣẹ́ ẹ po, wọn a tún fà á. Dúdú ni nígbà tí ó kọ́kọ́ dé orí ìṣó náà. Bí wọ́n ti ń fà á ni afẹ́fẹ́ ń wọ inú rẹ̀, tí ó ń fúyẹ́, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ń mọ́ sí i. Pinasugbo kò le tó bẹ́ẹ̀ láti ṣe. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń pè ní saba ni wọ́n ń là fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí wọ́n ń dín, tí wọ́n ń yí nínú ṣúgà yíyọ́, tí wọ́n sì ń wọ́n yànmọ̀tí sí. Wọn a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé funfun tí wọ́n ká ṣóṣóró bí ìwé ẹlẹ́pà.

Ẹ ti rí i pé kò sí èyí tí a kò fi ṣúgà sí nínú gbogbo wọn. Níbo ni ṣúgà tó báyìí ti wá? Láyé àtijọ́, aṣọ híhun ni Iloilo fi lókìkí. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ń hun aṣọ òwú, aṣọ ṣẹ́dà, àti aṣọ tí wọ́n fi okùn ewé ọ̀pẹ̀yìnbó ṣe, tí ó fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ń là á kọjá. Ní ọdún 1855 ni ìjọba Sípéènì ṣí èbúté ìlú náà fún ọkọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Ní ọdún 1856, Nicholas Loney, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí igbákejì aṣojú ìjọba rẹ̀. Oníṣòwò ni pẹ̀lú. Ó ń kó aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ hun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, èyí tí owó rẹ̀ kéré sí ti aṣọ ọwọ́. Ọkọ̀ tí ó já aṣọ sílẹ̀ kò sì gbọdọ̀ padà lófìfo, nítorí náà ṣúgà ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀. Loney ń yá àwọn olóko lówó, ó ń ta ẹ̀rọ ìfúnrèké fún wọn láwìn, kí wọ́n lè gbin ìrèké sí Negros. Bí òfì Iloilo ti ń dákẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń kọjá sí òdìkejì omi. Loney kú ní ọdún 1869. Muelle Loney ni wọ́n ń pe ọ̀nà etí odò tí àwọn ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí.

Sacada ni wọ́n ń pe àwọn lébìrà tí ń ti ilẹ̀ mìíràn wá gé ìrèké ní Negros. Láti abúlé Iloilo àti ti Antique, tí ó wà ní erékùṣù Panay bákan náà, ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń wá nígbà ìkórè. Gbèsè tí wọ́n ti jẹ kí wọ́n tó dé ni owó iṣẹ́ wọn ń bá lọ. Ìrèké sì ti gba ilẹ̀ tí à bá fi gbin oúnjẹ. Nígbà tí owó ṣúgà já wálẹ̀ ní ọjà àgbáyé, tí ó fi jẹ́ pé ní ọdún 1985 iye tí wọ́n ń tà á kò tó iye tí wọ́n fi ń ṣe é, àwọn olóko pa oko tì, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ lébìrà. Ebi pa àwọn ọmọ wọn débi pé àwọn mìíràn kú, ní ilẹ̀ tí ń bọ́ orílẹ̀-èdè wọn ní ṣúgà.

Èmi kò sọ èyí láti ba ìpanu jẹ́ mọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Òfì pàápàá kò parẹ́ pátápátá, nítorí wọ́n ṣì ń hun aṣọ tí wọ́n ń pè ní hablon ní agbègbè Iloilo.

Ó ku èyí tí àlejò máa ń rà lọ sílé, nítorí pé kì í tètè bàjẹ́: biscocho. Orúkọ náà ti inú èdè Sípéènì wá, ìtumọ̀ rẹ̀ láti ìpilẹ̀ sì ni ohun tí a yan lẹ́ẹ̀mejì. Búrẹ́dì àná tí kò tà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọn a gé e, wọn a fi bọ́tà àti ṣúgà pa á lára, wọn a sì dá a padà sínú ààrò títí yóò fi gbẹ tí yóò máa ró kàràkàrà lẹ́nu. Ó ti wá tà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aṣebúrẹ́dì ní Jaro àti Molo, àwọn àdúgbò àtijọ́ nínú ìlú náà, fi ń dìídì yan búrẹ́dì nítorí rẹ̀. Ẹni tí eyín rẹ̀ kò bá le mọ́ lè tì í bọ inú kọfí gbígbóná kí ó tó jẹ ẹ́. Àwọn ọmọdé kì í ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀.