Òjò, Ọyẹ́ àti Àga Ilé Baba Wa

Bí oṣù kẹrin bá ti dé ní Kèrè, tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sórí àpáta òkè Ìdáàṣà, ilẹ̀kùn onígi ni ó máa ń kọ́kọ́ jẹ́rìí sí i. Ilẹ̀kùn tí ọmọdé ń fi ìka kan tì ní oṣù kejì yóò wá há, àgbàlagbà yóò sì fi èjìká tì í kí ó tó ṣí. Nígbà tí ọyẹ́ bá tún padà, ilẹ̀kùn kan náà yóò fún, ìmọ́lẹ̀ yóò máa gba etí rẹ̀ wọlé, oríkèé àga yóò sì máa mì bí eyín arúgbó.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé omi òjò tí ó ń kán sórí igi ni ó ń bà á jẹ́. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n òtítọ́ náà kò pé. Àga tí òjò kò kàn rí lè bàjẹ́ nínú yàrá. Ohun tí ó ń pa á ni kí ó mu ọ̀rinrin lámujù nígbà òjò, kí ó sì gbẹ lójijì nígbà ọyẹ́, lọ́dọọdún. Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò rí i pé ìtọ́jú ohun èlò onígi kò fi bẹ́ẹ̀ gba owó. Afẹ́fẹ́, àyè àti ìfarabalẹ̀ ni ó ń fẹ́.

Igi tí a gé ṣì ń mumi

Ihò tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó kún inú igi. Nínú wọn ni omi ń gbà nígbà tí igi wà lóòró, àwọn náà ni ó sì ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ lẹ́yìn tí a ti sọ igi di àga. Bí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá dé ìdá 80 sí 85 nínú 100, omi ara pákó yóò máa pọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tó nǹkan bí ìdá 16 sí 18 ìwọ̀n igi gbígbẹ. Bí ọyẹ́ bá fa ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ wálẹ̀ sí ìdá 30, omi ara pákó yóò padà sí nǹkan bí ìdá 6.

Bí pákó bá ń mumi, kì í wú dọ́gba. Gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà rárá; fífẹ̀ rẹ̀ ni ó ń yí. Pákó tíìkì tí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 40 lè fi nǹkan bí mìlímítà 6 fẹ̀ sí i bí omi ara rẹ̀ bá gòkè láti ìdá 8 sí ìdá 16. Mìlímítà 6 kéré lójú, ṣùgbọ́n ó tó láti tú àtè, láti fa ìṣó yọ, àti láti la orí tábìlì sí méjì.

Bí omi ara igi bá kọjá ìdá 20 tí ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, olú tí ń jẹ igi yóò rí ibùgbé, igi yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Ikán pẹ̀lú fẹ́ràn ibi tí ilẹ̀ ti rin. Inú ìrókò, apá àti tíìkì ní agbára láti kọ ìjẹrà, ṣùgbọ́n apá funfun tí ó wà nítòsí èèpo wọn kò ní in. Nítorí náà, kí á má ṣe gbójú lé orúkọ igi nìkan.

Ohun tí ìtẹ́ àwọn ọba kọ́ wa

Ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 2021, ohun ìṣúra 26 tí àwọn ọmọ ogun Ọ̀gágun Dodds kó ní ààfin Abomey ní 1892 padà sí Kútọnu láti Párísì. Ìtẹ́ onígi ti Ọba Ghezo àti ti Ọba Glèlè wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀kùn ààfin mẹ́rin tí a fín. Oṣù kejì ọdún 2022 ni a tó ṣí ìpàtẹ wọn fún aráàlú. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ìtọ́jú irú ohun bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé igi tí ó bá pẹ́ ní ibi gbígbẹ kì í ṣe ohun tí à ń gbé bọ́ sínú afẹ́fẹ́ etí òkun lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni à ń mú un mọ ojú ọjọ́ tuntun, kí ó má baà sán.

Ilé wa kì í ṣe ààfin, ẹ̀rọ amúlétutù kò sì pọ̀ ní abúlé. Síbẹ̀ òfin tí ó de ìtẹ́ ọba ni ó de àpótí tí ìyá àgbà ń jókòó lé: ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú ọjọ́ yí padà fún igi lójijì.

Nínú ilé wa

Ní ẹsẹ̀ òkè, omi tí ó ṣàn kúrò lórí àpáta ń wọ inú ilẹ̀, ògiri amọ̀ àti ti bíríkì sì ń fà á mu láti ìsàlẹ̀. Nítorí èyí, ẹ jẹ́ kí àga, àpótí aṣọ àti ibùsùn fi ìbú ọwọ́ kan jìnnà sí ògiri. Ẹ fi òkúta pẹlẹbẹ tàbí awẹ́ rọ́bà sábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, nítorí ìdí ẹsẹ̀ ni igi ti ń mumi jù lọ.

Yàrá tí a tì pa ni ọ̀tá kejì. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìdáàṣà ń gbé Kútọnu tàbí Nàìjíríà. Wọ́n kọ́ ilé sílé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí wọ́n bá dé ní oṣù kẹjọ, nígbà ìrìn-àjò mímọ́ Arigbo, wọn a bá àga tí ó ti bu, tí nǹkan funfun ti bò ó. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ ará ilé kan, kí ó máa ṣí fèrèsé ní ọ̀sán tí òjò kò bá rọ̀.

Bí àga bá ti bu, ẹ má ṣe gbé e sínú oòrùn gangan. Òde rẹ̀ yóò gbẹ kí inú tó gbẹ, yóò sì sán. Ẹ fi aṣọ tí a fi omi ọṣẹ rin, tí a sì fún dáadáa, nù ún, kí ẹ gbé e sí ibòji tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, fún ọjọ́ mélòó kan.

Epo pupa àti òrí dára lára ènìyàn, ṣùgbọ́n wọn kì í gbẹ lára igi. Eruku ni wọ́n ń kó mọ́ra. Òróró tí a ń pè ní huile de lin lédè Faransé ń gbẹ, ó sì ń dí ojú igi. Aṣọ tí a fi pa á lè gbaná fúnra rẹ̀ bí a bá ká a jọ, nítorí náà ẹ tẹ́ ẹ síta títí yóò fi gbẹ. Bí ó bá jẹ́ vernis ni ẹ ó lò, ẹ kun abẹ́ tábìlì bí ẹ ti kun orí rẹ̀. Pákó tí a kun ní ojú kan ṣoṣo yóò ká. Òróró tí a fà jáde nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, tí àwọn kan ń fi lé ikán, kò yẹ lára ibùsùn tàbí àga inú ilé, májèlé ni.

Ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́

Ibi tí àrùn ti sábà ń bẹ̀rẹ̀ ni igi tútù. Oníbàárà ń kánjú, gbẹ́nàgbẹ́nà ń wá owó, wọ́n sì fi pákó tí kò tíì gbẹ kan àga. Ìṣirò àtijọ́ ni pé kí pákó lo nǹkan bí ọdún kan lábẹ́ òrùlé fún sẹ̀ǹtímítà 2.5 kọ̀ọ̀kan tí ó bá nípọn, kí a fi igi wẹ́wẹ́ sí àárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́, ẹ má ṣe tijú láti sọ fún oníbàárà pé kí ó dúró. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra àga, ẹ béèrè ọjọ́ tí a la igi náà kí ẹ tó béèrè iye rẹ̀.

Lónìí, àga rọ́bà ti gba ìta gbangba níbi ìsìnkú àti ìgbéyàwó. Ó fúyẹ́, owó rẹ̀ kéré, kò sì sẹ́ni tí ó lè bá a jà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń nawọ́ sí àga rọ́bà kí ó wí pé, "Orí èyí ni baba baba rẹ jókòó sí nígbà tí ó parí ìjà ẹbí." Àga onígi ni a ń sọ bẹ́ẹ̀ sí. Bí ó bá jẹrà, ìtàn rẹ̀ kì í pẹ́ kí ó tó tẹ̀lé e. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà; bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rinrin ń wọ igi. Kí òjò ọdún yìí tó rọ̀ dé ilẹ̀, ẹ yí àga ilé yín padà, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀.