Àgbà Jáàsì àti Ọ̀dọ́ Hip Hop: Àlàyé lórí Àwo Orin Jazzmatazz

Àwọn baba wa a máa wí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ní ọdún 1993, àwo orin kan jáde ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó fi òtítọ́ òwe yìí hàn gbangba. Orúkọ àwo náà ni Jazzmatazz, Apá Kìíní. Ẹni tí ó sì ṣe agbátẹrù rẹ̀ ni Keith Elam, tí àwọn olólùfẹ́ orin mọ̀ sí Guru. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ ṣàlàyé oríṣi orin méjì tí ó pàdé nínú àwo náà, ọ̀nà tí a gbà so wọ́n pọ̀, ibi tí ìsopọ̀ náà gún sí, àti ibi tí ó kù díẹ̀ káàtó.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní jáàsì àti hip hop. Jáàsì ni orin tí àwọn adúláwọ̀ ìlú New Orleans dá sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ohun tí ó fi yàtọ̀ jù lọ ni pé olórin kì í dúró lórí ohun tí a ti kọ sílẹ̀ nìkan. Bí ó ti ń fun fèrè tàbí bí ó ti ń tẹ dùùrù lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa hun ohùn titun láti inú orin tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì máa dá a lóhùn. Hip hop ni àbúrò. Ní ọdún 1973, ní àdúgbò Bronx ní ìlú New York, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a bí ní Jàmáíkà, Clive Campbell, tí ìnagijẹ rẹ̀ ń jẹ́ Kool Herc, ń fi gírámafóònù méjì dá àwọn oníjó lára yá níbi àríyá. Ó ṣàkíyèsí pé ibi tí ìlù nìkan ti ń dún nínú àwo ni ẹsẹ̀ àwọn oníjó ti ń yá jù. Nítorí náà, ó ń tún ibẹ̀ lù léraléra, láti orí gírámafóònù kan bọ́ sí orí èkejì. Nígbà tí ó ṣe, àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ké ewì sórí ìlù náà. Ewì kíké yìí ni à ń pè ní ràápù.

Láti inú àṣà yìí ni iṣẹ́ gígé ohùn ti jáde. Nígbà tí ẹ̀rọ titun dé ní àwọn ọdún 1980, olórin hip hop lè gé ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ láti inú àwo àtijọ́, kí ó sì fi í ṣe ìpìlẹ̀ orin tirẹ̀. Guru àti ẹnìkejì rẹ̀, DJ Premier, tí wọ́n jọ ń jẹ́ Gang Starr, ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1989 nínú orin wọn "Words I Manifest", tí wọ́n gé ohùn rẹ̀ láti inú "A Night in Tunisia", orin tí Dizzy Gillespie kọ. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn méjì wà nídìí iṣẹ́ yìí. Èkíní ni ọ̀ràn òfin: ní oṣù Kejìlá ọdún 1991, ilé ẹjọ́ kan ní New York dá Biz Markie lẹ́bi pé ó lo ohùn orin Gilbert O'Sullivan láìgba àṣẹ. Láti ìgbà náà ni àwọn ilé iṣẹ́ olórin ti mọ̀ pé gígé ohùn láìtọrọ lè di ẹjọ́. Ọ̀ràn kejì ni ó jinlẹ̀ jù. Àgbà tí a gé ohùn rẹ̀ kò lè fèsì. Ohun tí ó wí ní ogún ọdún sẹ́yìn ni yóò máa wí títí; kò lè gbọ́ ohun tí ọ̀dọ́ ń sọ, kò sì lè sọ pé, "Ọmọ mi, ibí yìí ni mo fẹ́ kí o gbà."

Ọ̀nà tí Guru gbà yanjú ọ̀ràn yìí rọrùn láti sọ: ó ránṣẹ́ pe àwọn àgbà fúnra wọn. Ẹni tí ó ṣe èyí kì í ṣe aláìmọ̀wé. Adájọ́ ni baba rẹ̀ ní ìlú Boston. Òun náà sì kàwé gboyè ní Morehouse ní Atlanta. Ẹni ọdún 31 ni nígbà tí àwo náà jáde. Donald Byrd, tí ó wá fun tìróḿpẹ́ẹ̀tì fún un, jẹ́ ẹni ọgọ́ta ọdún, ó sì ti jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Howard. Lonnie Liston Smith, tí ó ti bá Miles Davis ṣiṣẹ́ rí, tẹ dùùrù. Branford Marsalis fun sasofóònù. Roy Ayers, tí ohun èlò rẹ̀ jẹ́ irin pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tí a ń fi ọ̀pá lù, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Roy Ayers kì í ṣe àjèjì sí wa: ní ọdún 1979 ó wá sí Nàìjíríà, òun àti Fela Aníkúlápó-Kútì sì jọ ṣe àwo Music of Many Colours, tí ó jáde ní ọdún 1980. Láti London ni Courtney Pine àti Ronny Jordan ti wá. Láti ilẹ̀ Faransé ni MC Solaar, tí a bí ní Dakar, ti wá ké ewì tirẹ̀ ní èdè Faransé.

Ẹ jẹ́ kí a tẹ́tí sí orin tí ń jẹ́ "Loungin'" láti mọ bí iṣẹ́ náà ti rí. Ìlù hip hop ni ó wà nísàlẹ̀, tí ó ń lọ ní ìwọ̀n kan náà láìyẹsẹ̀. Guru kò pariwo. Ohùn jẹ́jẹ́ tí kì í lọ sókè, tí kì í sọ̀ kalẹ̀, ni ó fi ń ké ewì rẹ̀. Ẹni tí kò fara balẹ̀ lè rò pé àìlágbára ni èyí, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ni. Nítorí pé ohùn ewì náà tẹ́jú, fèrè Byrd rí àyè láti gùn, láti rọ̀, láti dá sí ọ̀rọ̀. Ọmọdé tẹ́ ẹní, àgbà sì jókòó lé e. Ní àárín àwo náà ni a tún rí orin kúkúrú kan tí ó ń jẹ́ "Respectful Dedications". Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbọ́ tí oníjàálá tàbí eégún aláré ń júbà kí ó tó ṣeré kò ní ṣàì mọ irú ẹ̀mí tí ó wà nínú àkọlé bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ yin àwo yìí kọjá ibi tí ó tọ́. Ìlù rẹ̀ kì í dáhùn. Nínú jáàsì gidi, onílù a máa gbọ́ ohun tí afunfèrè ń wí. Bí ẹni yìí bá yára, òun náà yóò yára. Bí ó bá dákẹ́, yóò fi ìlù bi í léèrè. Bákan náà ni ìyáàlù dùndún ti ń ṣe sí oníjó. Ṣùgbọ́n ìlù tí a ti fi ẹ̀rọ tò kì í gbọ́ràn; ohun tí a fi rán an ni yóò máa jẹ́. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé ní àwọn ibì kan nínú àwo náà, ńṣe ni àgbà ń sọ̀rọ̀ níwájú ògiri. Ó di ẹ̀yìn èyí kí àtúnṣe tó dé ní kíkún. Nígbà tí Robert Glasper ṣe àwo Black Radio ní ọdún 2012, onílù ẹlẹ́ran ara, Chris Dave, ni ó jókòó sídìí ìlù; àwo náà sì gba ẹ̀bùn Grammy ní ọdún 2013.

Guru ṣe apá mẹ́ta mìíràn nínú ọ̀wọ́ àwo náà, ní ọdún 1995, 2000 àti 2007. Ó kú ní ọdún 2010. Donald Byrd kú ní ọdún 2013, Roy Ayers sì kú ní ọdún 2025. Ìdí nìyí tí pípe àgbà fi ní àkókò tirẹ̀: a lè gé ohùn àwo nígbàkígbà, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò fèsì kì í wà títí láé.

Ẹ̀kọ́ wà nínú èyí fún àwa tí à ń kọ́ ẹ̀kọ́ Yorùbá. Àwọn ọ̀dọ́ wa ń gé ohùn ìjálá, rárà àti dùndún sínú orin wọn, a kò sì lè sọ pé ohun búburú ni. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ọmọ Àyàn ṣì wà láàyè ní ilé rẹ̀, tí ó ṣì lè gbé ìlù kọ́ èjìká, ó sàn kí a lọ kí i nílé, kí a bẹ̀ ẹ́ wá sí ilé ìgbohùnsílẹ̀, kí a san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un, kí a sì fi àyè sílẹ̀ fún un láti dá wa lóhùn.